Àǹkóò tó ń lé ọ̀rẹ́ sá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lẹ́nu wa títí ọdún yìí á fi parí: àǹkóò. "Èló ni àǹkóò?" "Ìgbà wo ni wọ́n máa gbowó àǹkóò dà?" "Ìwọ o ò tíì san tìẹ!" Àwọn àgbà máa ń sọ pé ara pátákó àwọn ilé ìtajà ayé òyìnbó ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wọ́n á kọ orúkọ ẹnì kan, wọ́n á wá fi "& Co." tì í lẹ́yìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lágbájá kò dá ṣòwò, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Yorùbá rí ọ̀rẹ́ márùn-ún tó wọ irú aṣọ kan náà lọ sóde, wọ́n ní: ẹ wò ó, àǹkóò rèé.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, ẹ má bínú. Àìsàn tiwa ni pé a kì í lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìtú u wò. Nínú òfin àjọṣe òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1890, èyí tí àwa náà jogún, bí àwọn tó da òwò pọ̀ kò bá ti ṣe àdéhùn mìíràn, ọgbọọgba ni wọ́n máa pín èrè, ọgbọọgba náà ni wọ́n máa ru àdánù. Ibì kan tún wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi jù: bó ti wù kí àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ tó, wọn ò lè lé ẹnì kan ṣoṣo kúrò nínú àjọṣe, àfi tí gbogbo wọn bá ti jọ fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ẹ wá fi ìyẹn wé gúrúùpù WhatsApp ìgbéyàwó òde òní, níbi tí ádímìn ti ń yọ ẹni tí kò tíì sanwó aṣọ kúrò láàárín òru, láìkí i pé ó dàárọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ: àǹkóò tó bá ń lé ọ̀rẹ́ sá kì í ṣe àǹkóò mọ́. Mo sì ní ẹ̀rí, torí inú Ìbàdàn àtijọ́ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àwa márùn-ún la jọ dàgbà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ọjà'ba, méjì jẹ́ ọmọ Bẹẹrẹ, ọ̀kan ń gbé Bẹyẹrúnkà, èmi ń gbé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó. Mùsùlùmí mẹ́ta, Kírísítẹ́nì méjì. Tí Iléyá bá dé, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. A máa ń to ìrìn wa bí ẹni tó ń lọ sójú ogun: ilé tí wọ́n máa ń tètè dín ẹran la kọ́kọ́ ń lọ, ilé tí bàbá wọn máa ń fún èèyàn lówó la máa ń fi ṣe ìkejì, káwọn àlejò tó kù má baà gbà á tán. Olúkúlùkù ló ní láílọ́ọ̀nù tiẹ̀ lápò.

Àmọ́ òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. A ò gbọdọ̀ fo ilé kankan. Lọ́dún kan, wọn ò ráàgbò pa nílé ọ̀rẹ́ wa tó ń gbé Bẹyẹrúnkà. Ibẹ̀ la lọ gbẹ̀yìn, ibẹ̀ la sì pẹ́ sí jù. A tú gbogbo ẹran inú láílọ́ọ̀nù wa sínú abọ́ kan, a gbé e fún màmá ẹ̀. Màmá náà ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n gbé ìkòkò kaná, wọ́n se ọbẹ̀, gbogbo àgbolé sì jẹ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹni tí kò pa ẹran kó má wá síbi ọdún.

Òkè'Bàdàn tún ni tiẹ̀. Ní oṣù Kẹta ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, láti rántí òkè tó gba àwọn baba ńlá wa sílẹ̀ nígbà tí ìgbín àti èso òro nìkan ni wọ́n ń rí jẹ. Àbọkẹ̀ á jáde pẹ̀lú irun dídì bí obìnrin. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí wọ́n máa tìtorí ẹ̀ gbá ẹ létí lọ́jọ́ mìíràn, o lè fi kọrin lójú títì, ẹni tó o kọ ọ́ mọ́ kò sì gbọdọ̀ bínú. Àwọn ìyá wa máa ń di etí wa, àwọn fúnra wọn á sì máa rẹ́rìn-ín. Aṣọ tó ti gbó jù lọ là ń wọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa wọ yẹ̀rì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin jáde, ó di fìlà bàbá ẹ̀ mọ́rí. Àǹkóò wa ọjọ́ náà ni pé ẹnikẹ́ni ò jọ ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé láéláé ni ti ọdún egúngún. Alápáǹsáńpá jáde, àwọn tó ń tẹ̀ lé e sì mú àtòrì dání, gbogbo wa wá ń sá láti Bẹẹrẹ gba ọ̀nà Ọjà'ba. Bàtà mi kan sọ nù níbẹ̀, mi ò yẹjú wẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ wa ọmọ Bẹyẹrúnkà yìí, tó ti ń fọ́nnu láti àárọ̀ pé òun á dúró de egúngún, òun ló sá jù. Bó ṣe ní kóun fò kọjá, àárín igbá láfún ìyá kan ló já sí. Nígbà tó máa dìde, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọdé kan rí i, ó figbe ta pé egúngún mìíràn ti tún jáde.

A rẹ́rìn-ín títí inú fi run wa. Ṣùgbọ́n láfún ti ṣòfò, ìyá olóúnjẹ sì di ẹni rẹ̀ mú. Owó ẹ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè san lọ. Àwa márùn-ún tú àpò, kò pé. Àwa márùn-ún náà la padà wá ní Sátidé méjì, a ń bá ìyá náà ru ẹrù láti ibi tí ọkọ̀ ti ń já a dé ìsọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé, "Ṣèbí ìwọ lo ṣubú." Ẹ rí i pé òfin 1890 yẹn, a ti mọ̀ ọ́n lọ́mọdé láì dé kíláàsì kankan.

Ìgbádùn wa ò nílò owó rẹpẹtẹ. A máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, a máa ń wo àwọn tó wá ṣe ìgbéyàwó, a ń fún gèlè wọn ní máàkì. A máa ń lọ gun Láyípo lórí Òkè Àrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Kápútẹ́nì Bower. Àtẹ̀gùn ẹ̀ ń yí po ni, òjòòró á kọ́kọ́ mú ọ. Tá a bá dókè, ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀: kálukú á nawọ́ sí òrùlé kan nínú ẹgbẹ̀rún òrùlé tó ti dógùn-ún, á ní ilé àwọn nìyẹn. Títí dòní, a ò tíì parí ìjà náà.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sí ti ìsinsìnyí. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tá a jọ mọ̀ láti kékeré ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní apá Bódìjà. Owó àǹkóò jẹ́ 85,000 náírà, láìtíì sọ owó ìránṣọ. Ẹ rántí pé 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024, àti pé ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àjọ oníṣirò ìjọba, NBS, ní ọ̀wọ́n gógó ọjà ti dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Aṣọ ọjọ́ kan ju owó oṣù odidi èèyàn lọ.

Ọmọ Bẹyẹrúnkà wa ò wá. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní gúrúùpù. Tẹ́lọ̀ ni lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sì mọ́ gan-an. Ibi tọ́rọ̀ ti dùn mí nìyí: òun ló rán aṣọ ọjọ́ náà fún mẹ́ta nínú wa. Ó wọn aṣọ, ó gé e, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e fún wa, ó wá jókòó sílé. Mo pè é. Ó ní, "Lọ́yà, ṣé kí n wá fi owó ilé ìwé ọmọ ra léèsì, kí n lè wá jẹ ìrẹsì?" Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe irú èyí tó rín lọ́jọ́ láfún.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní àǹkóò ló ń jẹ́ kí àwọn oníṣòwò Gbági àti àwọn tẹ́lọ̀ rí jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tẹ́lọ̀ tí mo mọ̀ ni ẹ ṣì gbọ́ ìtàn ẹ̀ yìí. Wọ́n á ní èrè orí aṣọ ni onínàwó fi ń san owó gbọ̀ngàn. Òótọ́ tún ni. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pè é ní owó ìwọlé, ká mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì là ń rà. Wọ́n á ní ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú, bí aṣọ ṣe ń dá bírà. Àmọ́ regbéregbé là ń wò níbẹ̀ yẹn, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tó ní ojúṣe láàárín ìlú. Fọ́tò la rí lórí Instagram, a ò rí ìpàdé àti iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Mi ò sì sọ pé ayé àtijọ́ dára tán. Tá a bá ta tapólì dí títì lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á máa ké títí di ìdájí, aláìsàn inú àgbolé á sì máa yí lórí ẹní. Àwọn bàbá wa náà yáwó ṣòkú, gbèsè náà sì pẹ́ nílẹ̀ ju òkú lọ. Ẹ má dá ìyẹn padà. Ohun tí mo ní ká dá padà ni pé ká jọ ru ẹrù.

Òfin ilé-iṣẹ́ wa ti 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, gbé irú àjọṣe tuntun kan dé: èyí tí gbèsè rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibì kan lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Fún òwò, ó dáa gan-an. Fún ọ̀rẹ́ ogún ọdún, àléébù ni. "Mo bá ẹ dé ibi owó aṣọ, n ò lè kọjá ibẹ̀." Irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn?

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Ọba Rashidi Ládọjà gorí àpèrè ní Màpó, 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, àwa márùn-ún pàdé nísàlẹ̀ òkè náà láìtiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ṣètò. Olúkúlùkù wọ ohun tó ní. Ẹsẹ̀ wa la fi rìn lọ jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ní Ọjà'ba, a bá ìjà òrùlé lọ láti ibi tá a bá a dé. Àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ ní ká rọra rẹ́rìn-ín, ká má baà já oníbàárà àwọn láyà.

Ìpinnu tá a ṣe lórí tábìlì náà rèé, ẹni tó bá wù kó mú un lò. Àkọ́kọ́, àǹkóò wa kò ní kọjá fìlà tàbí gèlè aláwọ̀ kan. Aṣọ yòókù, ẹ lọ wò ó nínú àpótí yín. Ìkejì, a ti bẹ̀rẹ̀ àjọ 5,000 náírà lóṣooṣù. Tí ọ̀kan nínú wa bá ní ìnáwó, tàbí tí nǹkan bá ká a lọ́wọ́ kò, inú ẹ̀ la ti máa mú un, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́. Ìkẹta, kò sí ádímìn tó lè yọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìyàwó ní oṣù Kejìlá, ẹ ka orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ yín wò kí ẹ tó dá iye owó aṣọ. Ẹ wá èyí tó bá yín ru láfún nínú wọn. Tí orúkọ ẹ̀ ò bá ti sí níbẹ̀ mọ́, ẹ pè é lálẹ́ òní.