Iṣẹ́ Ilé Kì í Ṣe Eré

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní Sábọ̀n Gàrí, ní Kano níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè gbé mì mọ́.

Bí a bá béèrè iṣẹ́ tí ìyàwó wa ń ṣe, kí ni à ń dáhùn? "Kò ṣe nǹkan kan, ilé ni ó wà." Irọ́ ni à ń pa! Ẹni tí ó jí ṣáájú àkùkọ, tí ó pọn omi, tí ó wẹ ọmọ, tí ó dáná, tí ó fọ aṣọ, tí ó tọ́jú ìyá ọkọ, tí ó sì sùn kẹ́yìn gbogbo ilé, òun ni kò ṣe nǹkan kan?

Ẹ jẹ́ kí ó ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan péré. A ó sanwó fún mairúwa, a ó sanwó fún alágbàfọ̀, a ó sanwó fún olóúnjẹ. Ṣé ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di iṣẹ́?

Nílé, ìyá àgbà ń bẹ, ìyáálé ń bẹ, wọn a máa báni wo ọmọ. Níhìn-ín, ìyá nìkan ni. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ṣe pa ìsọ̀ wọn tì. Àwọn mìíràn nínú wa sì ránṣẹ́ sílé, a mú ọmọ ọlọ́mọ wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, láìsí owó, láìsí ilé ẹ̀kọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 lòdì sí i. Ìtìjú ni fún wa.

Ní ọdún 2018, ILO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣírò iṣẹ́ ìtọ́jú tí a kò sanwó fún ní orílẹ̀-èdè 64. Ó tó iṣẹ́ bílíọ̀nù 2 ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ọrùn obìnrin ni ó wà.

Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tí à ń wá kiri wà. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ṣófo láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì. Àwọn opó tí wọ́n mọ ọmọ tọ́ sì ń bẹ láàrin wa láìríṣẹ́. Kí a ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ síbẹ̀. Kí ìyá tí ń lọ sọ́jà san díẹ̀, kí ẹgbẹ́ fi díẹ̀ kún un, kí àwọn opó máa gba owó oṣù.

Àwọn kan yóò ní kì í ṣe àṣà wa. Ta ni ó gbé àkàrà jáde láti ìdí ààrò lọ sí ẹnu ọ̀nà, tí ó fi owó rẹ̀ rán wa níléèwé? Ìyá wa ni. Àwọn mìíràn yóò béèrè ibi tí owó yóò ti wá. Ibi tí owó aṣọ ẹgbẹ́ ń ti wá lọ́dọọdún ni! Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ ilé kì í ṣe iṣẹ́, kí ó dìde sọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ̀.