Iyèré Kì Í Ṣe Ata Rodo

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni ìdí rẹ̀. Níbi àsè kan tí wọ́n pè wá sí, wọ́n gbé ọtí wáìnì pupa kalẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìhà gúúsù odò Rhône ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń po èso àjàrà Grenache, Syrah àti Mourvèdre pọ̀ ṣe. Ọ̀gbẹ́ni tí ó ń darí ètò ní kí a tọ́ ọ wò, kí a sì kọ bí ó ti rí lẹ́nu wa sílẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, nítorí pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ó ní ata wà nínú wáìnì náà, nítorí náà oúnjẹ aláta ni ó bá a mu. Ni wọ́n bá gbé àsun tí ata rodo bò mọ́lẹ̀ wá. Mo jẹ, mo mu, omi bọ́ lójú mi.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀ níhìn-ín! Ọ̀rọ̀ wọn kan ṣoṣo, spicy, ni wọ́n fi ń pe ohun tí ń jó ahọ́n àti ohun tí imú ń gbádùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ata rodo ń ta lẹ́nu. Kànáfùrù, ẹ̀ẹ̀rù àti iyèré ń ta sánsán. (Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè ní "ta" kan náà ni. Ó dáa, ṣùgbọ́n "sánsán" ti la ìjà náà.)

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Ọsirélíà fi hàn pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní rotundone ni ó ń fún àjàrà Syrah ní òórùn ata dúdú, òun náà ni ó sì wà nínú ata dúdú fúnra rẹ̀. Ata dúdú yìí, ìbátan iyèré wa ni. Ohun tí ń jóni nínú ata rodo kò sí nínú wáìnì rárá. Ọtí a sì máa mú kí jíjó ata le sí i, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wáìnì báyìí ń tó ìwọ̀n 14 nínú 100. Epo ni wọ́n ń dà sí iná!

Àgùntàn sísun ni kí wọ́n fún wa, èyí tí a fi iyọ̀ àti iyèré pa lára, kí ata rẹ̀ má pọ̀. Èèpo àjàrà a máa mú kí wáìnì fa ahọ́n pọ̀. Ẹran ọlọ́ràá ni ó ń pẹ̀rọ̀ sí i. Kí wọ́n sì gbé ìgò náà sínú fìríìjì fún bí ìdajì wákàtí, nítorí ooru ilẹ̀ wa kì í ṣe ooru àjà ilẹ̀ Faransé.

Èyí ni mo kọ sínú ìwé tèmi ní ọjọ́ náà: "Òórùn rẹ̀ ta sánsán bí iyèré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀, bí àgbálùmọ̀ tí ó pọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fa ahọ́n pọ̀ bí obì." Ọ̀gbẹ́ni náà kọ̀, kò gbà á lọ́wọ́ mi.