Ààlà Owó-Orí Ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ìlú ni í gba owó-orí ilé lọ́wọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Láti 2012, ìgbìmọ̀ tí ó bá fẹ́ bù kún owó náà kọjá ìwọ̀n tí ìjọba là sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ọ̀ràn náà lọ síwájú àwọn ará ìlú, kí wọn dìbò sí i. Wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ ní Bedfordshire ní 2015 nítorí owó ọlọ́pàá. Àwọn ènìyàn kọ̀ jálẹ̀. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù ru ara rẹ̀?

Ààlà yìí dùn mọ́ onílé, pàápàá arúgbó tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ni ó fi dandan lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ láti tọ́jú aláìlera àti ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, tí ó sì dín owó ìrànwọ́ kù gidigidi lẹ́yìn 2010. Bí ó bá so owó rọ̀, kí ó dín iṣẹ́ kù pẹ̀lú, tàbí kí ó fi owó tirẹ̀ dí àlàfo náà. Àpò Birmingham gbẹ ní 2023. (Ẹ̀bi tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ní gbèsè owó iṣẹ́.) Ní 2024 ìjọba gbà á láyè láti bu nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó-orí náà, láìsí ìbò, ìgbìmọ̀ sì pinnu láti dín ìmọ́lẹ̀ iná òpópónà kù.