Síkíì olórí-méjì: Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn gan-an ló yẹ kó ṣọ́ra lọ́jà

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun síkíì kì í ní wàhálà púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á ní kó mú eléyìí, á mú un, á sanwó, á bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn ni wàhálà wà. Ìyẹn ti ń gun òkè yìnyín láti nǹkan bí ogún ọdún, ó ti wo fíìmù àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta òkìtì lójú ọ̀run títí, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀ pé kò sóhun tí wọ́n fẹ́ kọ́ òun mọ́. Bó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ló máa nawọ́ tààrà sí síkíì táwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ń gùn. Kò ní í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá tún ń béèrè ni? Ìgbà tó bá dé orí òkè lọ́jọ́ kejì ni yóò tó yé e pé ẹrù ẹlẹ́rù lòun gbé sọ́rùn.

Bẹ́ẹ̀ síkíì ọ̀hún kì í ṣe ọjà ọ̀pọ̀. Pátákó gígùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà lásán lẹ máa pè é bẹ́ ẹ bá rí i, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, tuntun rẹ̀ pẹ̀lú ìdè tó ń so ó mọ́ bàtà lè kọjá 1,000 dọ́là. Owó bàtà ò tíì sí ńbẹ̀ o. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà òkè lójoojúmọ́ ò tíì sí ńbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í rà, owó ti wọgbó nìyẹn. Tí kò bá tún ṣọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà lè bá owó lọ.

Àwọn kan á ní kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú yìnyín. Ó kàn wọ́n o. Seun Adigun tó wa ọkọ̀ orí yìnyín fún Nàìjíríà ní Pyeongchang lọ́dún 2018, ọmọ ta ni? Simidele Adeagbo tó dojú bolẹ̀ lórí àtẹ, tó ń sáré lórí yìnyín nínú ìdíje Òlíńpíìkì kan náà ńkọ́? Nígbà tó di 2022, síkíì gan-an ni Samuel Ikpefan fi díje lórúkọ Nàìjíríà ní Beijing. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sì ti wà lórí òkè tipẹ́. Láti 1973 ni Ben Finley àti Art Clay ti kó àwọn ẹgbẹ́ wọn jọ sí Aspen, ní ìpínlẹ̀ Colorado, tí wọ́n jọ gun síkíì, tí wọ́n jọ ṣe fàájì. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ fún oṣù márùn-ún lọ́dún, ṣé inú ilé ni yóò máa jókòó sí ni?

Kí wá ni wọ́n ń pè ní twin tip, ìyẹn olórí-méjì? Láyé àtijọ́, iwájú síkíì nìkan ló máa ń ká sókè, ìdí rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Iwájú nìkan lèèyàn lè kọjú sí. Ẹni tó bá láyà, kó fẹ̀yìn rìn, ìdí síkíì á gúnlẹ̀, á sì gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, àwọn tó ń dúró lórí pátákó ẹlẹ́yọ kan ló gba ìgboro kan. Wọ́n ń fò, wọ́n ń pòyì, iwájú àti ẹ̀yìn ò yàtọ̀ lójú wọn. Síkíì wá dà bí eré àwọn bàbá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dun Mike Douglas, ará Kánádà, àtàwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi JP Auclair, JF Cusson, Vincent Dorion àti Shane Szocs. New Canadian Air Force ni wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyí nítorí bí wọ́n ṣe ń fò. Wọ́n fẹ́ síkíì tí ìdí rẹ̀ náà á ká sókè bí orí, kí wọ́n lè fẹ̀yìn gbéra, kí wọ́n sì fẹ̀yìn balẹ̀. Wọ́n kó èrò wọn lọ bá àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe síkíì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dá wọn lóhùn. Salomon ló gbà. Lọ́dún 1998, síkíì ọ̀hún jáde, wọ́n pè é ní Teneighty, ìyẹn 1080, torí pé ẹni tó bá fi ara pòyì lẹ́ẹ̀mẹta gbáko lójú òfuurufú ti pé 1080 nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà náà, Jason Levinthal ti dá Line sílẹ̀ láti 1995, olórí-méjì lòun náà ń lé kiri. Kò pẹ́ tí gbogbo iléeṣẹ́ fi ń ṣe é. Eré tí wọ́n fojú pa rẹ́ nígbà kan wá di ìdíje Òlíńpíìkì ní Sochi lọ́dún 2014.

Ibi tí ọjà ti dàrú nìyẹn. Nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fò ni wọ́n ṣe é fún, òun làwọn tí kì í fò náà wá ń rà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn bi ara rẹ̀ kó tó mówó jáde: nínú ọjọ́ mẹ́wàá tó ń lò lórí òkè, ọjọ́ mélòó ló ń fò, ọjọ́ mélòó ló ń fẹ̀yìn rìn? Tó bá jẹ́ méje, kó lọ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ìtàkìtì. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ́ ló ń lò láàárọ̀, tó ń wọ àárín igi lọ́sàn-án, tó kàn ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ fò díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, síkíì gbogbo-òkè tí ìdí rẹ̀ ká sókè díẹ̀ ló bá a mu. Ìdí tó ká yẹn kì í fa wàhálà lọ́nà kọ́rọ́kọ̀rọ, ó sì máa ń jẹ́ kéèyàn tètè yí padà láàárín igi. Ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ o. Apá tó ká sókè kì í kan ilẹ̀. Bí ìdí bá ká jù, tó sì rọ̀ jù, èèyàn á sáré dé ibì kan, síkíì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ìrù ajá. Ohun tó bá lóun fẹ́ ṣe gbogbo iṣẹ́, kì í ṣe ìkankan dé góńgó. Kéèyàn mọ èyí tóun lè fara mọ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni kó wo ìbàdí. Síkíì ní ìbàdí bí obìnrin ṣe ní in, àárín rẹ̀ níbi tí bàtà ń dúró sí ló máa ń tín-ín-rín jù. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí ìbàdí rẹ̀ ò tó 80, ojú ọ̀nà líle ló wà fún. Èyí tó kọjá 105, yìnyín jíjìn ló wà fún. Àárín 85 sí 100 ni ti gbogbo-òkè wà. Àmọ́ ibi téèyàn ń gbé ló máa sọ èyí tó máa mú níbẹ̀. Ní Vermont, ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, yìnyín sábà máa ń dì gbagidi, á máa dán bíi dígí. Ẹni tó bá gbé 100 lọ síbẹ̀, irin etí síkíì ò ní í tètè gbálẹ̀ mú. Kó má kọjá bíi 90. Ní Utah àti Colorado, níbi tí yìnyín tuntun ti máa ń rọ̀ bí èlùbọ́, 95 sí 100 ò pọ̀ jù. Ẹni tó ń gbé ní Vermont, tó ń ra síkíì Utah nítorí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó máa lọ ṣe fàájì níbẹ̀, ó dà bí ẹni tó ra ọkọ̀ akẹ́rù nítorí ọjọ́ tó máa kó ẹrù kúrò nílé.

Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè mú èyí tó dé àgbọ̀n rẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, kó bẹ̀rẹ̀ láti imú lọ sí àtàrí. Ẹni tó ga tó 175 sẹ̀ńtímítà, 170 sí 180 ló sábà máa ń bá a mu. Olórí-méjì wá ní ẹ̀tàn tiẹ̀: bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, wọ́n á ka ìdí tó ká sókè mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ apá yẹn ò kan yìnyín. Ìdí nìyẹn tí 175 olórí-méjì fi lè kúrú lẹ́sẹ̀ ju 175 tí ìdí rẹ̀ tẹ́. Ẹni tó fẹ́ sáré lè fi bíi sẹ̀ńtímítà márùn-ún kún un, kò sì ní í kábàámọ̀.

Kó tún gbé e sílẹ̀ lórí pẹpẹ, kó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwọn kan tẹ̀ bí ọrun, àárín wọn ò kanlẹ̀ àfi béèyàn bá dúró lé wọn. Irú ìyẹn máa ń gba yìnyín líle mú. Àwọn kan sì dà bí ọkọ̀ apẹja, orí àti ìdí wọn ló gbé kúrò nílẹ̀. Shane McConkey ló jà fún irú èyí, tó wo síkíì orí omi, tó ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún yìnyín jíjìn, títí tí Volant fi bá a ṣe é jáde ní 2002. Èyí tó pa méjèèjì pọ̀, tí àárín rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, tí orí rẹ̀ gbé díẹ̀, òun ni ti gbogbo-òkè. Nínú rẹ̀, igi ni. Àwọn kan fi pẹlẹbẹ irin tí wọ́n ń pè ní titanal sí i, ìyẹn kì í jẹ́ kó gbọ̀n lórí eré, àmọ́ ó wúwo. Ẹni tó bá sanra tó ń sáré á fẹ́ irin. Ẹni tó fẹ́ fò, tí kò sì wúwo, kó fi irin sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n máa kan ìdè mọ́ náà ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń fò máa ń ní kí wọ́n kàn án sí àárín gbùngbùn, kí iwájú àti ẹ̀yìn gùn bákan náà. Bí bàbá kan bá fara wé wọn, orí síkíì á máa rì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nínú yìnyín jíjìn. Fún gbogbo-òkè, kó sún sẹ́yìn ní sẹ̀ńtímítà díẹ̀, níbi tí ẹni tó ṣe síkíì sàmì sí. Wọn kì í dédé lu ihò síkíì lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kúrò ní tàwàdà ni ti ìdè yẹn gan-an. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: kó di bàtà mú, kó sì jù ú sílẹ̀ béèyàn bá ń ṣubú, kí síkíì má baà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ sá. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DIN. Kí òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó yí i, yóò béèrè bí oníbàárà ṣe wúwo tó, bó ṣe ga tó, ọjọ́ orí rẹ̀, àti bó ṣe ń gùn ún sí. Yóò sì wọn gígùn àtẹ́lẹ̀ bàtà. Ẹni tó bá ti pé 50 ọdún, wọ́n máa ń dín nọ́ńbà rẹ̀ kù. Ibẹ̀ làwọn àgbà kan ti ń purọ́! Ẹni ọdún 53 á kọ 48. Òmíràn á ní kí wọ́n fi tòun sí iye tí ọmọ ọdún 22 ń lò, kí ìdè má baà já sílẹ̀ níbi tóun ti ń sáré. Bó bá ga jù, ọjọ́ tó bá ṣubú ni ìdè máa kọ̀ jálẹ̀ tí kò ní í ṣí, egungun ojúgun ló sì máa gbà á. Láti àwọn ọdún 1970 tí irú ìdè yìí ti ń dára sí i, ojúgun tó ń ṣẹ́ lórí òkè ti dín kù gan-an. Iṣan inú orúnkún ni ìdè ò tíì lè dáàbò bò tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ṣì ń já dáadáa. Ṣé irú ibi bẹ́ẹ̀ lèèyàn ń lọ fi ọjọ́ orí ṣe yẹ̀yẹ́?

Kó tún wo bíréèkì ìdè náà. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìbàdí síkíì lọ díẹ̀, bí kò bá fẹ̀ tó, kò ní í lè ṣí. Àtẹ́lẹ̀ bàtà náà gbọ́dọ̀ bá ìdè mu, torí oríṣi àtẹ́lẹ̀ ti pọ̀ báyìí, kì í ṣe gbogbo ìdè ló gba gbogbo bàtà.

Ní ti owó, ẹni tó gbọ́n kì í rà á nígbà tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí ọdún yìnyín bá ń parí lọ, ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń já owó lulẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọ̀ àti àwòrán nìkan ni tọdún tó ń bọ̀ fi yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ òkè sì máa ń fi síkíì háyà fún ọjọ́ kan, kéèyàn gùn ún wò. Àwọn kan á yọ owó háyà kúrò bó bá rà á. Bó bá jẹ́ àlòkù olórí-méjì ló fẹ́, kó fi ọwọ́ tọ́ irin etí rẹ̀ láti orí dé ìdí. Àwọn ọmọ tó ń fi síkíì yọ̀ lórí ọ̀pá irin máa ń fọ́ irin etí ọ̀hún, kì í sì í ṣe ohun tí kíkùn lè bò.

Auclair tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo eléyìí, yìnyín tó ya lulẹ̀ láti orí òkè ló pa á ní Chile lọ́dún 2014. Òun mọ̀ ọ́n gùn ju gbogbo àwọn tó ń rajà yìí lọ. Òkè ò mọ ọ̀gá, kò mọ iye ọdún téèyàn ti ń gùn ún. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra síkíì olórí-méjì lọ́dún yìí, kó kọ ọjọ́ orí rẹ̀ bó ṣe wà, kó sọ bó ṣe wúwo tó láìfi dẹ́ńdẹ́ kan pamọ́, kó sì ra èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lò, kó fi èyí tí ojú rẹ̀ ń rí nínú fíìmù sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.