Olùdíje tó bá ṣèlérí ìbọn fún wa létí òkun Ìlàjẹ, kí ni ká bi í?

Ìdìbò ọdún 2027 ń sún mọ́lé. Àwọn olùdíje yóò tún máa wọ ọkọ̀ ojú omi láti Igbókòdá lọ sí Ayétòrò, Ugbónlà àti Àwòyè láti wá ìbò. Bí wọ́n bá ti dé, ọ̀rọ̀ ààbò ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ, àwọn mìíràn yóò sì ṣèlérí pé àwọn yóò gbé ìbọn lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ láti fi lé àwọn ajalèlókun.

A kò lè dá ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ fún wọn lẹ́bi. Apẹja tí wọ́n bá gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ lójú omi kò mọ ibi tí yóò ti rí oúnjẹ ilé àti owó ilé ìwé ọmọ, gbèsè tó fi ra ẹ́ńjìnnì náà yóò sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó lágbára láti mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọta sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Abala 214 rẹ̀ sì sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1959 ni òfin ìbọn tí à ń lò ti wà. Irú ìbọn tí sójà ń lò àti ìbọn ìléwọ́, Ààrẹ ló lè fún ènìyàn ní àṣẹ rẹ̀. Ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fún ni ní láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ṣakabùlà ni ènìyàn lè gba ìwé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin wọn ka níní ìbọn sí ẹ̀tọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: àṣẹ ni ìbọn níhìn-ín, ìjọba ló ń fúnni.

Olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú rí èyí kedere. Ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn pa bí 40 ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀wọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Akérédolú béèrè ìdí tí wọ́n fi rí àwọn ẹ̀ṣọ́ Katsina tó ń kọ́ bí a ṣe ń lo ìbọn ńlá, tí wọn kò sì fẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé irú rẹ̀. Ó ní ìjọba àpapọ̀ tòótọ́ kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 2023 láìrí àṣẹ náà gbà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọmọ ìhà etí omi ni àwọn méjèèjì tó léwájú nínú ìdìbò gómìnà: Lucky Aiyedatiwa láti Ìlàjẹ, ẹni tó wọlé, àti Agboọlá Àjàyí láti Ẹsẹ̀-Odò. Síbẹ̀, ọmọ wa tó wà ní ipò gómìnà kò lè fọwọ́ sí ìwé kan kó sọ ìbọn ńlá di ti Àmọ̀tẹ́kùn. Nígbà tí àwọn gómìnà Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn pàdé ní Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ohun tí wọ́n béèrè ni ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù náà, Ààrẹ Tinubu ní kí àwọn aṣòfin àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnyẹ̀wò òfin lórí rẹ̀.

Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé aṣòfin àgbà àti ilé aṣojú-ṣòfin, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, olùdíje sí ilé aṣòfin àgbà fún Gúúsù Òǹdó, ti ilé aṣojú-ṣòfin fún Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, àti ti ilé aṣòfin ní Àkúrẹ́ gan-an ló yẹ kí a bi ní ìbéèrè.

Bí a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn àgbà wa kò gbàgbé ìjà Ìlàjẹ àti Ìjọ́ Arógbò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, bí abúlé ṣe jóná tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Lọ́dún 2009, ìjọba Yar'Adua ní láti dárí ji àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn ní ìpínlẹ̀ Niger Delta mẹ́sàn-án, Òǹdó wà lára wọn, kí ó sì máa san ₦65,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù kí wọ́n lè jọ̀wọ́ ohun ìjà. Ọjọ́ kan péré la fi ń pín ìbọn, ṣùgbọ́n gbígbà á padà ń gba ọdún púpọ̀ àti owó ńlá.

Ẹ jẹ́ ká bi olùdíje ní nǹkan mẹ́rin. Àkọ́kọ́, òfin wo lo máa dìbò fún? Èkejì, ta ni yóò kọ nọ́ńbà ìbọn kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀, níbo ni ìbọn náà yóò sì máa sùn? Ẹ̀kẹta, ṣé ọmọ Ìlàjẹ àti ọmọ Ìjọ́ yóò jọ wà nínú ẹ̀ṣọ́ náà, kí aládùúgbò má baà rò pé òun ni wọ́n ń dìhámọ́ra dè? Ẹ̀kẹrin, ọkọ̀ àti epo ńkọ́? Ẹni tó ní ìbọn tí kò ní ọkọ̀ tó ń sáré kò lè bá ajalèlókun lójú agbami, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ti ní ibùdó ní Igbókòdá. Kí ni olùdíje yìí yóò ṣe kí wọ́n lè máa wà lójú omi lóòrèkóòrè?

Ànọ́bì wa kọ̀ fún wa láti na ohun ìjà sí ọmọ ìyá wa, kódà nínú eré, nítorí ọwọ́ lè ṣèèṣì. Ẹni tó bá fẹ́ ìbò wa gbọ́dọ̀ sọ bí yóò ṣe dáàbò bo ẹ̀mí àti bí yóò ṣe kó ìbọn níjàánu. Èyí tó bá sọ ọ̀kan tó pa èkejì mọ́, ẹ jẹ́ ká ní kó lọ ronú sí i kó tó padà wá. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn tó ń wá jíjẹ mímu lójú omi, kó sì mú wọn padà wálé láyọ̀. Àmín.