Ògiri Tó Lanu

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀: n ò rí ọgbọ́n kankan nínú antivirus jíjí tí ẹ ń rà lójú pópó láti fi pa kòkòrò kọ̀ǹpútà. Ṣé olè là ń gbà ṣọ́lé? Windows 11 ti gbé ọdẹ tirẹ̀ wá, Microsoft Defender, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó tó lò nílé.

Àtúnṣe tẹ́ ẹ kì í gbà, tẹ́ ẹ ní dátà á tán, ìyẹn gan-an léwu. Ní oṣù kẹta 2017, Microsoft fi àtúnṣe dí ihò kan. Ní oṣù karùn-ún, WannaCry gba ihò náà wọlé àwọn tí kò tíì dí i. Ó ti fáìlì wọn pa, ó ń béèrè owó. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ gba àtúnṣe, ẹ tọ́jú ẹ̀dà fáìlì yín síbòmíràn!