Ẹ̀tẹ̀ àti Làpálàpá: Ẹ̀sùn tí Wọ́n Fi Kan Eré Urgences

Ní Grand Marché tó wà ní Treichville, ní ìlú Abidjan, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá láti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń ná ọjà, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Anago. Ẹ̀sùn kan wà tí kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni láàárín ìsọ̀ irú ọjà bẹ́ẹ̀: pé amóhùnmáwòrán òyìnbó ló kó ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin àti ti obìnrin sí obìnrin wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Urgences wà lára àwọn eré tí ẹ̀sùn yìí bá wí. Eré ilé ìwòsàn láti Amẹ́ríkà ni, ER ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀, ó sì gbòde láti 1994 títí di 2009. Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àárín 2000 sí 2001 ni eré yìí tó fi Kerry Weaver, dókítà àgbà ní ẹ̀ka pàjáwìrì, hàn gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin. Ṣùgbọ́n ní 1998, Philip Brooks àti Laurent Bocahut ti gbé fíìmù Woubi chéri jáde. Abidjan gan-an ni wọ́n ti yà á, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló sì fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé ohun tí woubi àti yossi túmọ̀ sí nínú èdè ìgboro wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìlú tó ti ní orúkọ fún nǹkan kò lè sọ pé àlejò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé.

Kí tilẹ̀ ni eré náà fi hàn? Kerry fi ara rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, òun àti Sandy Lopez, obìnrin panápaná, di ọ̀kan, Sandy sì bí ọmọkùnrin kan, Henry. Iná pa Sandy lẹ́nu iṣẹ́ ní 2004. Kí ojú tó dá, àwọn ẹbí rẹ̀ ti gba ọmọ lọ. Ìjà ńlá ni Kerry jà kí ọmọ tó padà sọ́wọ́ rẹ̀. Èwo ni àjèjì níbẹ̀? Opó tí àwọn ẹbí ọkọ ti yàrá mọ́, tí wọ́n ka ẹrù ilé kí ó tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, mọ ìtàn yìí láìsí ògbufọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn tó kọ eré náà wí rí àyè wí. Irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò pọ̀ níbẹ̀, ayọ̀ Kerry àti Sandy kò sì pẹ́ kí ikú tó dé. Àléébù ni, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ náà wà ní ìgboro. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, èrò ya wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Alternative Côte d'Ivoire ní Abidjan, wọ́n sì bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìdènà àrùn éèdì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe. Ní 2024, àwọn kan tún pe ọdẹ lé àwọn woubi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì na ènìyàn. Òfin Côte d'Ivoire kò pe ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀ràn nígbà náà. Àwọn èrò ló fi ara wọn ṣe adájọ́.

Ta ló jèrè? Ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé wọn yóò dá òun mọ̀ kò ní í lọ sí ilé ìwòsàn. Yóò gbé àìsàn rẹ̀ wọlé, ìyàwó àti ọmọ inú oyún yóò sì bá a pín in. Àrùn kì í béèrè ẹni tí ènìyàn ń fẹ́.

Bí ọjà Treichville bá fẹ́ mú ohun kan nínú Urgences, kí ó mú èyí: nígbà tí wọ́n bá ti aláìsàn wọlé lórí bẹ́ẹ̀dì, ibi tó ń dùn ún ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè.